Moustapha Alassane: Ọmọ Niger tó fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ààrẹ

Ààrẹ orílẹ̀èdè kan gba ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ ààrẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó múra, ó dágbére fún àwọn ará ìlú, ó sì gbéra ìrìnàjò. Ayẹyẹ ńlá ni wọ́n fi pàdé rẹ̀ níbi tó lọ. Ó jayé bó ṣe wù ú. Ìgbà tó padà dé ilé ló tó mọ̀ pé àga ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Wọ́n ti gba ìjọba lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì jù ú sínú omi, jàbú.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni ààrẹ náà. Ọ̀pọ̀lọ́ ni àwọn tó ń sìn ín, ọ̀pọ̀lọ́ náà sì ni àwọn ará ìlú tó lé e. Gbogbo ìtàn yìí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Bon voyage Sim ni orúkọ fíìmù náà, ìyẹn ni pé kí Sim rin ìrìnàjò ire. Sim ni orúkọ ààrẹ ọ̀pọ̀lọ́. Ọdún 1966 ni fíìmù náà jáde, ẹni tó sì ya àwọn àwòrán inú rẹ̀ ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti orílẹ̀èdè Niger tí wọ́n bí ní ọdún 1942. Moustapha Alassane ni orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ ká wo ọdún tí fíìmù náà jáde dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun dìtẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n pa Olórí Ìjọba Tafawa Balewa àti Samuel Ládòkè Akíntọ́lá. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún kan náà, Kwame Nkrumah wà lẹ́nu ìrìnàjò sí ilẹ̀ Éṣíà nígbà táwọn ológun Ghana gba àga lẹ́yìn rẹ̀. Kò tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ghana mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1972. Ta ló wá kù tí wọ́n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ fún?

Lónìí, Alassane ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn sinimá kà sí baba kátúùnù ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà. Síbẹ̀, téèyàn bá béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya kátúùnù lórí kọ̀ǹpútà ní Èkó, ní Cotonou tàbí ní Lomé, díẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n nínú wọn.

Páálí, àtùpà àti aṣọ funfun

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Alassane kọ́. Ó yẹ kéèyàn rántí èyí, nítorí òun ló ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, tí wọ́n á sì tún un tò, kì í bẹ̀rù kámẹ́rà. Jálẹ̀ ayé rẹ̀, ohun tí kò bá sí lọ́jà ni ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ṣùgbọ́n kí kámẹ́rà tó dé ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń ṣe sinimá tirẹ̀. Yóò gé páálí ní àwòrán ènìyàn àti ẹranko, yóò gbé e síwájú àtùpà, òjìji rẹ̀ yóò sì hàn gàgàrà lára aṣọ tó ta. Nígbà tó fẹ́ kí àwọ̀ wọ inú rẹ̀, ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń wé páálí sìgá ló mú. Ó ya àwòrán sí i lára, iná àtùpà sì gba inú rẹ̀ kọjá, bí iná ṣe ń gba inú fíìmù kọjá ní ilé sinimá gan-an.

Àwọn ọmọdé adúgbò ni òǹwòran. Kò sí owó ìwọlé tó lè sọni di olówó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí: àwòrán, ìmọ́lẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó jókòó sínú òkùnkùn tí wọ́n ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Niamey lọ́dún òmìnira

Niamey wà ní bèbè Odò Ọya, odò kan náà tó gba ẹ̀gbẹ́ Jẹ́bà àti Lọ́kọ́jà kọjá kó tó bọ́ sínú òkun. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Niger gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, tí Hamani Diori sì di ààrẹ. Ìlú kékeré ni Niamey nígbà náà, ṣùgbọ́n nǹkan méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní. Àkọ́kọ́ ni ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, níbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣọ̀nà awọ ti ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Èkejì ni ilé iṣẹ́ ìwádìí IFAN, tó wá di ẹ̀ka ìwádìí IRSH ní Yunifásítì Niamey nígbẹ̀yìn. Boubou Hama, òǹkọ̀wé àti òpìtàn tó tún jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ni igi lẹ́yìn ọgbà fún gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ibẹ̀ ni Alassane ti pàdé Jean Rouch. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Rouch. Ọdún 1941 ló kọ́kọ́ dé Niger gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá, ó wá di onímọ̀ nípa àṣà àti olùyà fíìmù, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ títí di ọdún 2004 tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí Birni-N'Konni. Niamey ni wọ́n sin ín sí.

Ọ̀rọ̀ Rouch kò dọ́gba lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Àwọn kan kà á sí ọ̀rẹ́ Áfíríkà. Ousmane Sembène, àgbà olùyà fíìmù ọmọ Senegal, sọ fún un lójúkojú lọ́dún 1965 pé ó ń wo àwọn ọmọ Áfíríkà bí ẹni ń wo kòkòrò. Ìjà yẹn kò tíì parí láàárín àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ sinimá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń bá Rouch jà pàápàá kò lè sẹ́: ó gbé kámẹ́rà lé àwọn ọmọ Niger lọ́wọ́. Oumarou Ganda, tó ṣeré nínú fíìmù rẹ̀ Moi, un Noir, di olùdarí fíìmù fúnra rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní FESPACO ti ọdún 1972. Nígbà tí Rouch rí iṣẹ́ ọwọ́ Alassane, òun náà bọ́ sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́dún 1962, Alassane ti ní fíìmù méjì. Aouré jẹ́ ìtàn ìgbéyàwó láàárín ọ̀dọ́ méjì ní abúlé àwọn Zarma. La Bague du roi Koda dá lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu: Ọba Koda fi òrùka kan pamọ́ sọ́wọ́ apẹja kan, pé tí kò bá dá a padà lẹ́yìn ọdún kan, ikú ni. Ọba kan náà ló wá gba ẹ̀yìn lọ bá ìyàwó apẹja. Àwọn tó mọ àlọ́ Yorùbá á ti máa mi orí. Irú àdánwò báyìí kò ṣàjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún náà wé ti àwọn mìíràn. Borom Sarret tí Sembène fi di olókìkí jáde lọ́dún 1963. Àjàní Ògún, fíìmù Ọlá Balógun tó la ọ̀nà fún fíìmù Yorùbá, jáde lọ́dún 1976, nígbà tí Aiyé ti Hubert Ògúndé jáde lọ́dún 1979. Mẹkáníìkì ará Niger yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn.

Ẹ̀kọ́ ní Kánádà

Rouch mọ ibi tí òun lè bá Alassane dé, ó sì mọ ibi tí òun kò lè dé. Òun kì í ya kátúùnù. Nítorí náà ló ṣe ọ̀nà fún un dé Kánádà, sí ọ̀dọ̀ Norman McLaren.

Ọmọ Scotland ni McLaren, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba Kánádà láti ọdún 1941. Nígbà tí Alassane fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n: fíìmù rẹ̀ Neighbours ti gba ẹ̀bùn Oscar. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò gbà pé dandan ni kámẹ́rà. Ó máa ń mú ọ̀já fíìmù fúnra rẹ̀, á fi kálàmù àti táńdà ya àwòrán sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán náà á sì máa jó tí wọ́n bá gbé e sára ògiri. Ó tún máa ń fi bébà gígé àti ènìyàn gidi ṣe kátúùnù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń ya àwòrán sára ọ̀rá sìgá ní Niger wá pàdé àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń ya àwòrán sára ọ̀já fíìmù ní Kánádà. Àwọn méjèèjì ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ohun tó kù kò ju ọgbọ́n àti ìlànà lọ.

Bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀pọ̀lọ́ rìn

La mort de Gandji, kátúùnù tó jáde lọ́dún 1965, ni Alassane kọ́kọ́ fi sọ pé òun ti padà dé. Ìlú ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n gbé ìtàn náà sí, níbi tí ọba ọ̀pọ̀lọ́ jókòó láàárín àwọn ìjòyè tó ń fi ẹnu dídùn pọ́n ọn lé. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Sim dé.

Àwọn tí kò mọ̀ máa ń rò pé fíìmù ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè le. Àwòrán 24 ni fíìmù ń gbé kọjá lójú ènìyàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ àwòrán 7,200. Kódà tí wọ́n bá lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, bí ọ̀pọ̀ àwọn oníkátúùnù ṣe máa ń ṣe kí iṣẹ́ lè fúyẹ́, ó ṣì ku 3,600. Ní Hollywood, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló ń pín irú iṣẹ́ yìí ṣe: ẹnìkan á ya ojú, ẹlòmíràn á ya igi, ẹlòmíràn á fi àwọ̀ kún un. Ní Niger, kò sí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọ́ kan bá fẹ́ gbé ọwọ́ kí ènìyàn, Alassane ló máa gbé ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀.

Wàhálà yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ rí bó ṣe rí. Ìlà rẹ̀ kò pọ̀. Dúdú àti funfun ni Sim. Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀ ní ikùn ńlá, ojú tó yọ síta àti ìrìn ẹni tó jẹun yó, ohun gbogbo tí olóyè tuntun nílò sì ti pé. Ẹni tó bá wò ó kò ní béèrè ibi tí ìyókù àwòrán wà.

Kí wá ló dé tó fi jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́? Ìdáhùn kan wà tó rọrùn: tí ọ̀pọ̀lọ́ bá jẹ́ ààrẹ, kò sí ààrẹ gidi tó lè dìde wí pé òun ni wọ́n ń bú, àfi tó bá fẹ́ gbà pé òun jọ ọ́. Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi ń jẹ gbèsè tí kìnnìún sì ń ṣe ọba nínú àlọ́. Ní Èkó, Akínọlá Láṣekan, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, ti fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ bá àwọn òyìnbó amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot ní àwọn ọdún 1940. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni Láṣekan dojú kọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àga ni Alassane dojú kọ, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń jó.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn Sim, ní oṣù kẹrin ọdún 1974, àwọn ológun lé Diori kúrò lórí àga ní Niamey. Títí di oṣù keje ọdún 2023 tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Mohamed Bazoum, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni irú rẹ̀ ti wáyé ní Niger.

Àwọn kábọ́ọ̀ì Niger

Ẹni tó bá rò pé Alassane jẹ́ oníkátúùnù nìkan kò tíì rí Le Retour d'un aventurier. Ọdún 1966 kan náà ni èyí jáde, ènìyàn gidi ló sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé. Inú ọkọ̀ òfuurufú ló ti bọ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì kún fún fìlà, ìbọn, bàtà àti ṣòkòtò àwọn kábọ́ọ̀ì. Ó pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní abúlé. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ aṣọ yẹn, orí wọn yí. Wọ́n fún ara wọn ní orúkọ Amẹ́ríkà, wọ́n gun ẹṣin kiri, wọ́n jà ní ilé ọtí, wọ́n jí ẹran àwọn ará ìlú. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí eré wá di ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọ̀. Àwọn àgbà abúlé ń wo ọmọ wọn, wọn kò mọ̀ wọ́n mọ́.

Àwọn tó dàgbà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọdún yẹn mọ ibi tí ìtàn náà ti wá. Fíìmù kábọ́ọ̀ì ni wọ́n ń wò ní ilé sinimá láti Dakar dé Cotonou, láti Niamey dé Ìbàdàn. Àwọn ọmọ adúgbò ń rìn bí kábọ́ọ̀ì, wọ́n ń tutọ́ bí kábọ́ọ̀ì. Alassane fẹ́ràn àwọn fíìmù náà, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí eré ìjà inú rẹ̀ dùn ún wò. Ibi tó ti mú ọgbọ́n wọ̀ ọ́ ni pé kò fi òǹwòran sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín nìkan. Fíìmù náà kò ju ìṣẹ́jú 34 lọ, àmọ́ àríyànjiyàn tó wà nínú rẹ̀, nípa ohun tí aṣọ àlejò ń ṣe fún ọmọ onílé, kò tíì tán.

Nígbà tí Alassane ń ya fíìmù yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan tó ń jẹ́ Serge Moati wà níbẹ̀ tó ń ya òun náà. Fíìmù tí Moati ṣe, Les cow-boys sont noirs, jẹ́ kí a rí bí iṣẹ́ náà ṣe lọ.

Zalika Souley, ìyá òṣèré sinimá ní Niger, wà nínú fíìmù náà. Obìnrin tó wọ ṣòkòtò, tó gun ẹṣin, lọ́dún 1966! Àwọn kan kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ṣe nínú eré àti ìwà rẹ̀ nílé, wọ́n sì bú u fún un. Ó kú ní oṣù keje ọdún 2021.

Obìnrin, mọ́tò, ilé àti owó

Lọ́dún 1972 ni Alassane gbé fíìmù gígùn jáde, FVVA. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn dúró fún nǹkan mẹ́rin ní èdè Faransé: obìnrin, mọ́tò, ilé ńlá, owó. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó oṣù rẹ̀ kò tó o, ìyàwó ń béèrè, ẹbí ń béèrè, ọ̀rẹ́ ń fi ọkọ̀ tuntun kọjá lójú rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ owó ìjọba. Ẹ̀wọ̀n ni ó parí sí.

Ìtàn náà rọrùn débi pé ènìyàn lè sọ pé òun ti gbọ́ ọ rí. Òótọ́ ni, gbogbo ìlú ló ti gbọ́ ọ rí, ìdí nìyẹn tó fi ta wọ́n lára. Zalika Souley tún kó ipa nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1973 ló ṣe Toula pẹ̀lú Anna Soehring, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ìtàn Boubou Hama ni wọ́n gbé e lé. Ọ̀dá dé, omi gbẹ, wọ́n sì ní òrìṣà omi ń béèrè fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Toula. Ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ jáde lọ wá omi, kí wọ́n má baà fi í rúbọ. Nígbà tó fi máa padà dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àwọn tó wo fíìmù yìí nígbà tó jáde kò nílò kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀dá jẹ́ fún wọn. Ọ̀dá ńlá tó mú agbègbè Sahel láti ìparí àwọn ọdún 1960 ṣì wà lórí wọn, màlúù ń kú, àwọn darandaran sì ń ya wọ Niamey.

Ọdún kan náà ló tún ya fíìmù kan tó pè ní Shaki, lórí ìlú Ṣakí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ó yẹ kí èyí mú kí àwọn ará Òkè-Ògùn máa béèrè ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà.

Lọ́dún 1977, ó padà sídìí kátúùnù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọmọlangidi ló lò. Samba le Grand jẹ́ ìtàn akọni kan tó ń wá ọwọ́ ọmọ ọba, tí ọmọ ọba náà sì ń fi iṣẹ́ tó ju agbára lọ dán an wò.

Ilé sinimá ń kú

Báwo ni ẹni tó ṣe gbogbo èyí ṣe ń jẹun? Kì í ṣe fíìmù ló ń bọ́ ọ. Fún nǹkan bí ọdún 15 ló fi jẹ́ olórí ẹ̀ka sinimá ní Yunifásítì Niamey, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ le. Ní àwọn orílẹ̀èdè tó ń sọ Faransé, ilé iṣẹ́ Faransé méjì, COMACICO àti SECMA, ló di ọjà ilé sinimá mú lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n ra fíìmù Amẹ́ríkà àti ti Íńdíà lọ́pọ̀, wọ́n sì ń pín in kiri. Fíìmù ọmọ Áfíríkà kò ráyè wọ inú ilé sinimá tó wà ní ìlú tí wọ́n ti yà á. Ọmọ Niamey lè mọ orúkọ ẹṣin kábọ́ọ̀ì, kó má mọ ẹni tó ń ya àwòrán ní òpópónà kejì.

Ní oṣù kẹta ọdún 1982, àwọn olùyà fíìmù láti káàkiri Áfíríkà péjọ sí Niamey kan náà láti wá ọ̀nà tí fíìmù Áfíríkà yóò gbà máa rí owó, àtòṣèré àtòǹwòran. Ìwé tí wọ́n kọ níbẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni gbèsè wọ ọ̀pọ̀ ìjọba lọ́rùn, tí fídíò dé, tí ilé sinimá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Niger, tó jẹ́ pé òun àti Senegal ni wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ ní àwọn ọdún 1960, dákẹ́.

Alassane kó lọ sí Tahoua, ìlú tó wà ní àárín gbùngbùn Niger, jìnnà sí Niamey. Ó ní ilé ìtura níbẹ̀, ó ń gbàlejò. Àwọn kan lè wo èyí bí ìfàsẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lára rẹ̀, mẹkáníìkì kò jáwọ́. Ó ń kó ẹ̀rọ àti aṣọ funfun sínú ọkọ̀, ó ń gbé fíìmù lọ fún àwọn ará abúlé, bó ṣe gbé àtùpà síwájú páálí nígbà èwe rẹ̀.

Ìjàkadì àwọn ẹranko

Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ó ti fẹ̀yìntì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti lé ní ẹni ọdún 55 kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kátúùnù, kò sì tijú láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kokoa, tó jáde lọ́dún 2001, ni èyí tó dùn jù nínú wọn. Ìjàkadì ìbílẹ̀ ni eré tí àwọn ará Niger fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn. Alassane kó ọmọlangidi ẹranko jọ: ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀gà, alégbà, akàn àti ẹyẹ. Ó tò wọ́n sí pápá, òǹwòran yí wọn ká, onílù wà níbẹ̀, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gà ń yí àwọ̀ padà. Akàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn wọ pápá. Ọmọdé ọdún mẹ́rin á rẹ́rìn-ín sí i, bàbá rẹ̀ tó mọ ìjàkadì á sì rí i pé ẹni tó ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ mú.

Ọdún kan náà ló ṣe Adieu Sim, ìyẹn ni pé ó dìgbóṣe, Sim. Ọdún 35 ló ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ju ààrẹ ọ̀pọ̀lọ́ sínú omi.

Ìlú òkèèrè ló kọ́kọ́ tún rántí rẹ̀. Lọ́dún 2007, ìjọba Faransé fún un ní oyè Légion d'honneur. Lọ́dún 2009, Silvia Bazzoli àti Christian Lelong ṣe fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2015, ẹni nǹkan bí ọdún 73.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ilé àkójọpọ̀ iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York kó àwọn fíìmù rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi wọ́n han gbogbo ènìyàn. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n wo àwọn ọmọ Niger lórí ẹṣin pẹ̀lú fìlà kábọ́ọ̀ì, lẹ́yìn ọdún 51.